Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Sáàárín Àlọ́ Mi

Ìyá olóbì tó ń gbé ní Kofar Kware ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọmọ inú igi oṣè fún mi. Kì í ṣe òun ló bí mi. Ilé kan náà ni òun àti àwọn òbí mi jọ háyà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Sókótó nígbà tí òwò gòrò ṣì lérè lórí dáadáa. Ọkọ kú, òun dúró. Ó gbọ́ Hausa débi pé bí ó bá ń nájà, àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, tí àwa ọmọdé bá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ni ẹnu rẹ̀ máa ń padà sí.

Ìtàn náà ò gùn. Obìnrin kan bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Òùngbẹ gbẹ ọmọ náà lọ́nà oko, ó sì wọ inú ihò igi oṣè, igi gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní kúkà, nítorí omi òjò a máa dúró nínú rẹ̀. Igi pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ìyá dé, ohùn ọmọ nìkan ló ń gbọ́. Ó gbé àáké, àáké tẹ̀. Ó bẹ igi, igi ò dáhùn. Orin nìkan ló lè la igi yẹn, orin náà kì í sì í ṣe ti ẹnìkan; ẹnìkan ní láti lé e, àwọn tó kù ní láti gbè é.

Oṣè, la inú rẹ o.
Kínrinjìn!
Òùngbẹ ló gbé ọmọ mi wọlé.
Kínrinjìn!

Bí a ṣe ń gbè é ni igi ń là. Orí ọmọ á yọ, èjìká á yọ, títí ọmọ á fi bọ́ sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde kí ọmọ tó jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Bí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, mú un mọ́ra. "Ẹni tó bá dá a sí méjì," ni ìyá olóbì máa ń wí, "ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú igi." Lọ́jọ́ kan, ìyá kan láti ojúlé kejì pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá jẹun. Ìyá olóbì dá orin dúró, ó kígbe sí i pé: "Gbé oúnjẹ náà wá síbí! Ọmọ wa ṣì wà nínú igi." Obìnrin náà gbé e wá lóòótọ́. Inú àwo kan náà ni gbogbo wa ti jẹ túwó lọ́jọ́ náà, ẹnu wa kún bámúbámú, a ṣì ń wí pé kínrinjìn.

Mo dàgbà, mo di ẹni tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Kofar Doya, àlọ́ ò sì fi mí sílẹ̀. Bí oníbàárà bá jókòó tí ó ń dúró de maṣíìnì rẹ̀, ìtàn ni mo fi ń bá a pa ìdúró. Ẹnìkan gbé fóònù sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ kan, ó fi ohùn mi ránṣẹ́ sí àwọn ará rẹ̀. Àwọn náà fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ pé wọ́n ń gbọ́ mi ní Kàdúná, ní Ìlọrin, ní Jídà níbi tí àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́. Mo wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́bọ̀, láàárín Mọ̀gáríbì àti Ìṣáì, mo máa ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá olóbì, n ó gbé fóònù lé orí àpótí, n ó lé orin, òun àti àwọn obìnrin ilé á gbè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ gẹ̀rẹ́.

Ìtàn ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, orin inú rẹ̀ pọ̀, ó ní ó ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó parí. "N ó kó o fún ọ," ló sọ fún mi, "kó má bàá bá mi wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní sọ ọ́ sínú ariwo." Ó tọ̀nà. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ń kọjá lójúde, fóònù mi kì í mọ èyí tó jẹ́ orin yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo nílò maíkì gidi. Mo nílò ẹni tí yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù mi ní àwọn ọjọ́ tí n ó fi gba ìtàn náà sílẹ̀. Nǹkan tí mo sì ń rí lára àwọn olùgbọ́ kò ju àdúrà lọ. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń béèrè: "Bàbá alálọ̀ọ́, báwo la ṣe lè fi nǹkan sí yín lọ́wọ́?" N ò mọ èsì tí n ó fún wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mọ̀ ọ́n. A jọ ké kéwú lọ́dọ̀ ààfáà kan náà, pàṣán kan náà ló nà wá, òun náà sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá olóbì nígbà èwe wa. Ó ń ta fóònù, ó sì ń tún un ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó lórí maṣíìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

"Dìde lórí maṣíìnì oníbàárà," mo wí.

"Ìwọ alálọ̀ọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, tí kò sì rówó ra maíkì, dákẹ́, kó o gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti wádìí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, kó o máa ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ nígbà tí ìtàn bá parí."

"Bí oníbárà ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí?"

"Ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́. Èkejì, ojú ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dà bí igbá. Ìtàn á wà níta gbangba, tolówó tòtòṣì á gbọ́ ọ. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á ju ohun tó bá wù ú sínú igbá. Ẹ̀kẹta ni ọgbà. A ó mọ ọgbà yí ìtàn ká, a ó fi ilẹ̀kùn sí i, àwọn tó bá ń san nǹkan lóṣooṣù ló máa ń wọlé."

"Ẹni tí kò bá san ńkọ́?"

"Á dúró síta, á máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti mú igbá. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀: alálọ̀ọ́ á pàlọ́, ẹni tó ní obì á fi obì sílẹ̀, ẹni tí kò ní á fi ohùn gbè é. Mo sọ fún un.

Ó mi orí. "Haba. Àwọn èèyàn wa ò mọ ojú igbá tí kò bá sí ẹni tó ń wò wọ́n. Níbi ìnáwó, tí a bá ń kéde orúkọ, ọwọ́ wọn á yá. Lórí fóònù, ta ló rí wọn?"

"Igbá ni mo fẹ́."

"Igbá náà ni. Kí ló kàn mí?"

A jọ lọ sọ fún ìyá olóbì, torí ohùn rẹ̀ wà nínú àwọn ìtàn náà. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣàlàyé. Ìyá fetí sílẹ̀, ó ń fi èékánná họ obì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bi í ní nǹkan kan péré.

"Ẹni tí kò bá ní ńkọ́?"

"Á gbọ́ ọ dópin, Ìyá. Wallahi, kò sí ẹni tí a máa lé."

"O ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kó rọrùn."

Nítorí pé èmi ò mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi gbogbo rẹ̀ sí. Èmi á sọ̀rọ̀, n ó fi ohùn ránṣẹ́ sí i, òun á gbé e sórí ojú ìwé. Ohun tó bá wọlé, á fi ránṣẹ́ sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ń wọlé bí òjò. Inú mi dùn. Kì í tiẹ̀ ṣe nítorí owó náà nìkan. Mo máa ń dá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, n ó máa ro àwọn èèyàn tí n ò rí rí, tí wọ́n na ọwọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ju nǹkan sínú igbá mi láìsí ẹni tó fipá mú wọn. Ní ìparí ìtàn kọ̀ọ̀kan mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn: "Ẹ̀yin tí ẹ ń rántí igbá, Ọlọ́run á rántí yín." Mo ra maíkì. Mo bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tí yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ìyá olóbì fi ìtàn ńlá náà sí ẹ̀yìn ọdún Iléyá.

Ọdún kọjá. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, àpótí wà níbẹ̀, ìyá kò sí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, jáde wá pàdé mi.

"Ẹ káalẹ́, bàbá. Orí ń fọ́ Ìyá."

"Ẹ bá mi kí wọn o. N ó padà wá."

Mo padà wá. Orí ṣì ń fọ́ ìyá. Mo wo ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ó ń bá ẹnìkan dá àpárá ní Hausa, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí orí ń fọ́. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní ìyá ń bá mi bínú, n ò mọ ohun tí mo ṣe. Kò gbé ojú sókè. "Àgbà ni," ló wí. "Fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ á wálẹ̀."

Aránṣọ kan, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní Wamakko, ló là mí lójú. Ó gbé maṣíìnì rẹ̀ wá, kò sì tí ì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣùtì.

"Bàbá alálọ̀ọ́! Ẹ̀yin náà ti gbọ́n o. Kai, ẹ ti gbọ́n!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú igi, ẹ wá ní ká mówó ìtúsílẹ̀ wá. Àwọn tó ń jí èèyàn gbé nínú igbó ò tíì tó wa, ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé!"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi ni. Ìtàn igi oṣè ni, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ pẹ̀lú maíkì tuntun. Ó mọ́ gaara. Mo lé orin, ìyá olóbì gbè é, àwọn obìnrin gbè é. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Orí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ohùn wa bá gé lójijì, ohùn ọkùnrin kan bọ́ síbẹ̀, ohùn tí mo ti mọ̀ láti ilé kéwú:

"Ẹ̀yin ará wa, ọmọ ṣì wà nínú igi o! Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe jáde, ẹ wọ inú ọgbà wa. Ẹ tẹ ibi tí ẹ ti rí àwòrán kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́," mo sọ fún aránṣọ náà, "ẹ tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Áà. Ẹ ò mọ̀?"

Mo fi maṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe gbé e wá, mo ní kó máa wo ṣọ́ọ̀bù fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ń fi gíláàsì sójú fóònù oníbàárà nígbà tí mo wọlé. Ó rí ojú mi, ó mọ̀.

"Jókòó."

"N ò jókòó. Ta ló gé àlọ́ mi?"

"Èmi ni."

Bó ṣe wí i nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n bi pé ta ló ṣí fèrèsé. Oníbàárà tó wà níbẹ̀ rọra bọ́ síta.

"O búra níwájú ìyá," mo wí.

"Mo búra torí o mú kí n gbà pé àwọn èèyàn rẹ lójú àánú."

"O sọ mí di olè."

"Mo jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀? Gba fóònù, wò ó. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Maíkì tó o rà, o rò pé inú igbá ló ti jáde? Igbá ti ṣófo, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn díẹ̀ ju nǹkan sí i níbẹ̀rẹ̀, ó tán. Wọ́n ń gbọ́ ọ o. Wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n ń fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ pé Ọlọ́run á fún ọ lẹ́mìí gígùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí igbá yẹn wò, ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìdí rẹ̀. Ìwọ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Èmi ni mò ń yọ ọpẹ́ yẹn kúrò, torí ojú ń tì mí."

"O ì bá sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Pé wọn ò kà ọ́ sí?"

Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù níwájú tí wọ́n sì tún lù lẹ́yìn. Gbogbo àwọn ọwọ́ tí mo rò pé wọ́n nà sí mi láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló sì dúró tì í.

"Kí ló dé tó jẹ́ ibi igi lo ti gé e?" mo bi í. "Ìwọ náà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. O mọ òfin ibẹ̀."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ibẹ̀ ló ti dùn jù," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀ ju gbogbo èèyàn lọ, ohun tó mọ̀ yẹn gan-an ló fi ṣe ọ̀bẹ.

Mo lọ sí Kofar Kware. N ò dúró kí ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ pé orí ń fọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo kí i, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ti gbọ́. Ìyá olóbì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo pe àwọn ìyàwó ilé," ló wí nígbà tó yá. "Mo pe àwọn Hausa tí a jọ ń gbé, mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohùn mi nínú fóònù. Ọmọ ọmọ mi yìí tẹ̀ ẹ́ fún wa. Gbogbo wa ń gbè é, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń wí pé kínrinjìn. Igi ń là. Ọkùnrin kan bá ní kí n lọ wá kọ́kọ́rọ́ wá. Ọ̀kan nínú àwọn Hausa bi mí pé kí ló wí. Mo ní kò wí nǹkan kan."

"Ìyá, kì í ṣe èmi."

"Mo gbọ́. Ohùn ta ni ó gbé ọmọ wọ inú igi?"

"Ohùn mi ni, Ìyá."

"Ohùn ta ló ń gbè é?"

"Ohùn yín ni."

"Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Ìlọrin, ta ni yóò ní ó ti ilẹ̀kùn?"

Mo tẹrí ba. Mo ní n ó ṣí gbogbo rẹ̀, n ó wó ọgbà náà palẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní ó dára, ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá bi í nípa ìtàn ńlá yẹn.

"N ò lè sọ ọ́ mọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe pé mo bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. N ò mọ ibi tí wọn yóò ti gé e."

Mo wó ọgbà náà lóòótọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọmọ ìyá olóbì bá mi ṣí gbogbo ìtàn síta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó ti ń sanwó ò dùn sí i. Obìnrin kan kọ̀wé láti òkèèrè: "Ṣé àwa tí a ń san nǹkan la wá di òmùgọ̀?" N ò rí i bá wí. Wọ́n tú ká, igbá nìkan ló kù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kọjá níwájú ara wa ní Kofar Doya, "Sannu" ló ń wí, "Sannu" ni mò ń dá a padà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà míì inú máa ń bí mi sí i pé ó tàn mí jẹ. Nígbà míì inú máa ń bí mi pé òun nìkan ló rí i pé maíkì ò sí lọ́wọ́ mi, tó sì ṣe nǹkan kan sí i.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àkọ́bí ìyá olóbì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti mú un lọ sílé. Mo bá wọn gbé ẹrù dé gáréèjì. Ó di ọwọ́ mi mú láti ojú fèrèsé mọ́tò, ó wúre fún mi, fún iṣẹ́ mi, fún àwọn ọmọ mi. Mo ń ṣe àmín, mo sì ń fetí sílẹ̀ bóyá yóò fi orin kan ṣoṣo lé e, bó jẹ́ orin àkọ́kọ́ inú ìtàn ńlá yẹn nìkan. Ó ní kí n máa jẹun lásìkò. Mọ́tò gbéra.

N ò dá ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi mọ́, Ọlọ́run á dá a. Ṣùgbọ́n ìwọ tó gbọ́ àlọ́ náà dópin, tó gbè é nínú yàrá rẹ, tó o fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bi ọ́, má sì fi àdúrà dá mi lóhùn: nígbà tí igbá wà níwájú rẹ, tí ilẹ̀kùn kankan ò sí, tí kò sì sí ẹni tó ń wò ọ́, kí ló di ọwọ́ rẹ mú?